Ojú-Ìwé Mọ́kànlá fún Ìkíni

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kú ìjókòó. Ìkíni tèmi ti parí. Mo fẹ́ kí ẹ rí bó ṣe kúrú tó, nítorí ọkùnrin tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín kì í dé orí ọ̀rọ̀ kí ó tó kí ènìyàn fún odidi wákàtí kan. Ibi ìkíni náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti yọ̀.

Orúkọ rẹ̀ ni Alhaji Abdulqoyum Àkànjí Láwàní. Ní ọdún 1989, òun ni ọ̀gá Ìgbìmọ̀ Omi Ìgbèríko fún ẹ̀kùn Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ yìí ni láti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún àwọn abà tí kò lómi mímu. Ọ́fíìsì wọn wà ní Ọ̀yọ́, ní ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ẹ̀rọ omi inú ọgbà rẹ̀ ti gbẹ láti ọdún mẹ́ta. Alhaji kò ka ìyẹn sí. Ó ní omi abà ni ìjọba ní kí òun wá, ìjọba kò bá òun sọ ti ọ́fíìsì.

Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, bí Pijó Alhaji bá ti fọn fèrè lẹ́nu géètì, gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ pa iṣẹ́ tì, kí wọ́n jáde wá tò sí ẹ̀bá àtẹ̀gùn. Elijah, ọ̀gá àwọn akọ̀wé, ni í ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Elijah yìí ga, ó gbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti tẹ̀ nítorí ìdọ̀bálẹ̀ ojoojúmọ́. Òun ni í gba báàgì, òun ni í gba ìwé ìròyìn, òun náà ni í pariwo pé:

"Ẹ káàbọ̀, baba omi! Ẹ̀yin tí ẹ ń rìn nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tí koríko ń hù lẹ́yìn yín! Òjò rí yín, ó ní kí ni òun tún ń wá láyé!"

"Elijah, ìyẹn ti pọ̀ jù," Alhaji á wí, á sì dúró lórí àtẹ̀gùn kejì. "Tún un wí."

Elijah á tún un wí, àwọn òṣìṣẹ́ á pàtẹ́wọ́. Aago mẹ́wàá á ti lù kí ẹnikẹ́ni tó jókòó ti iṣẹ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn jù láàrin wọn ni Waliyat, táípíìsì ọ́fíìsì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kì í dákẹ́. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀, Ìyá Àgbà Ràódàt, wà ní Abà Olókùúta, lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí odò kan ṣoṣo tí wọ́n ń mu ti kún fún sòbìà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, aràn náà ti yọ orí jáde ní ọrùn-ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà. Wọ́n ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, arúgbó náà kò sì lè dìde lórí ẹní. Ìdajì abà ló wà bẹ́ẹ̀. Waliyat mọ̀ pé kànga ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló lè gba abà náà sílẹ̀, ó sì mọ̀ pé ọ́fíìsì tí òun ti ń pàtẹ́wọ́ láràárọ̀ yìí ni kànga náà yóò ti wá, bí yóò bá wá. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nìyẹn.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà dé. Àwọn òyìnbó aṣèrànwọ́ tó ń bá ìjọba gbẹ́ kànga ni wọ́n fi ta ọ́fíìsì lọ́rẹ. Wọ́n ti fi nǹkan kan sínú rẹ̀ tó lè fi ìwé ránṣẹ́ tààrà sí ẹ̀rọ fáàsì tó ń tẹ ìwé jáde ní Ìbàdàn, láìtẹ̀ ẹ́ sórí bébà ní Ọ̀yọ́ rárá. Wọ́n rán Waliyat lọ kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó dé, ó bá kọ̀ǹpútà nínú yàrá Alhaji, lórí tábìlì tó kọjú sí ilẹ̀kùn, nítorí Alhaji fẹ́ kí àlejò kọ́kọ́ rí i kí wọ́n tó rí òun, kí ẹ̀rù ti máa bà wọ́n bọ̀. Ojú wáyà kan ṣoṣo ló wà lára ògiri yàrá náà. Bí tẹlifóònù bá wà nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà kò lè fi ìwé ránṣẹ́; bí wọ́n bá ki wáyà kọ̀ǹpútà bọ̀ ọ́, tẹlifóònù á yadi.

Alhaji pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ láti ṣí kọ̀ǹpútà náà. Agbádá funfun ló wọ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé àpótí kan wá fún òun láti dúró lé.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó wí, "àwọn baba wa fi ẹṣin jíṣẹ́, ẹṣin kú. Àwọn òyìnbó fi kẹ̀kẹ́ jíṣẹ́, táyà jò. Lónìí, ọ̀rọ̀ ẹnu èmi Àkànjí yóò wọ inú wáyà ní Ọ̀yọ́, yóò jáde ní Ìbàdàn kí iyọ̀ tó yọ́ lẹ́nu yín. Ẹ sọ fún mi, ta ló tún kù láyé tí a lè fi wé mi?"

"Kò sí!" ni Elijah dáhùn.

"Elijah, ìwọ nìkan kọ́ ni mo bi."

"Kò sí!" ni gbogbo wọn wí.

Ìwé àkọ́kọ́ tí Waliyat tẹ̀ fún un fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà. Alhaji bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún wo abẹ́ tábìlì.

"Waliyat, òǹtẹ̀ mi dà?"

"Alhaji, kò sí bébà tí ẹ ó lù ú sí, sà. Bó ṣe wà yìí ló máa lọ."

"Ìwé tí kò lóǹtẹ̀ mi lára, ta ni yóò gbà pé èmi ni mo kọ ọ́? Wọ́n á ní o jí orúkọ mi kọ ọ́ ni!"

Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú òǹtẹ̀ rẹ̀ jáde, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ yíǹkì àlùkò, ó sì lù ú gbà mọ́ ojú gíláàsì kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ó mú màákà, ó fọwọ́ sí i lábẹ́.  Waliyat tẹ bọ́tìnnì, ìwé lọ.

"Ṣé òǹtẹ̀ náà lọ?" Alhaji béèrè.

"Ó lọ, sà!" ni Elijah wí. "Ojú mi báyìí ló ṣe nígbà tó wọ wáyà!"

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ nu ojú kọ̀ǹpútà. Waliyat á máa na ọrùn sọ́tùn-ún, á tún nà án sósì, kí ó tó lè ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀, nítorí àárín gbùngbùn gíláàsì ni orúkọ Alhaji wà.

Báyìí ni wọ́n ń bá a bọ̀ títí di ọjọ́ Ajé kan ní oṣù kẹta, tí ìwé dé láti ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nnà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi. Ìwé náà kò gùn. Ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga ti dé, ẹyọ kan ṣoṣo sì ni. Kí ọ̀gá ẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan fi orúkọ abà méjìlá tí sòbìà ti ń jà jù ránṣẹ́ sí Ìbàdàn kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó lù. Ẹ̀kùn tí orúkọ tirẹ̀ kò bá tíì dé nígbà náà, ẹ̀rọ yóò fò ó, ó di ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó ń bọ̀.

Waliyat ka ìwé náà. Orúkọ àwọn abà wà nílẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, òun ló tẹ̀ ẹ́, Abà Olókùúta ló sì ṣe ìkejì. Ó sáré wọlé tọ Alhaji lọ, ó kúnlẹ̀.

"Sà, ojú-ìwé kan péré ni. Tí ẹ bá ti gbà, mo lè fi ránṣẹ́ nísinsìnyí. Kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ."

Alhaji wò ó bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó wọ mọ́sálásí.

"Kí ìwé mi kàn já wọ ilé Kọmíṣọ́nnà, kó ní 'ẹ fún mi ní kànga', láìkí ẹnikẹ́ni? Waliyat, ilé wo ni wọ́n ti tọ́ ọ?"

Ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn o. Àṣà wa ni. Ẹni tó bá fẹ́ tọrọ iná lásán lọ́wọ́ aládùúgbò á kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ilé. Ṣùgbọ́n ìkíni ẹni tó fẹ́ tọrọ iná kì í pẹ́ títí tí oúnjẹ ẹni tó ń dáná yóò fi jóná. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Alhaji àti Elijah fi kọ ìkíni. Alhaji ń rìn káàkiri yàrá, ó ń pè é. Elijah ń kọ ọ́ sílẹ̀. Waliyat ń tẹ̀ ẹ́. Ojú-ìwé kìíní jẹ́ orúkọ Alhaji àti oyè rẹ̀ gbogbo, títí kan akápò ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ àtijọ́. Ní ojú-ìwé kejì, ó kí Kọmíṣọ́nnà kú àárọ̀, ó kí i kú ọ̀sán bóyá ọ̀sán ni ìwé máa dé, ó sì kí i kú alẹ́ bóyá iná á lọ lọ́nà. Ojú-ìwé kẹta, ẹ kú ooru, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ kú ètò ìjọba. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ojú-ìwé keje, wọ́n ti ń kí bàbá Kọmíṣọ́nnà tó ti kú láti ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn, wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọmọ rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, bí wọ́n ṣe wà lórí ìkíni àwọn ọmọ, baálẹ̀ Abà Olókùúta dé. Bàbá Ifákáyọ̀dé lorúkọ rẹ̀. Ó ti tẹsẹ̀ rìn dé Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí ó tó wọ mọ́tò wá sí Ọ̀yọ́, àkísà sì wà ní kókósẹ̀ rẹ̀ níbi tí sòbìà ti yọ. Wákàtí mẹ́ta ló fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta kí wọ́n tó pè é wọlé.

"Alhaji, ẹ kú iṣẹ́," bàbá náà wí. "Omi la wá béèrè. Àwọn tó yẹ kó máa kọ ebè ló wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn. Ọmọbìnrin yìí sọ fún wa pé ìwé dé."

Alhaji yíjú sí Elijah. "Ṣé o gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni lábà? Ẹ kú iṣẹ́ kan ṣoṣo! Bàbá, ẹ padà sílé. Ọ̀rọ̀ yín wà lọ́wọ́ ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. A ti dé ojú-ìwé kẹjọ."

"Ojú-ìwé wo lorúkọ wa wà?"

"Ìkejìlá."

Bàbá Ifákáyọ̀dé wo Waliyat. Waliyat kò lè wo ojú rẹ̀. Ó sìn ín dé ìdí mọ́tò, ó sì ń bi í léèrè ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà. Bàbá ní aràn náà kò tíì já, àmọ́ ẹsẹ̀ wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, arúgbó náà kò sì sùn mọ́jú àná. Inú bí Waliyat débi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀ ní àárín ọ̀nà.

Ojú-ìwé kẹsàn-án ló kan àwọn ìyàwó. Níbí ni Elijah ti fi gbogbo ọgbọ́n orí rẹ̀ hàn. Ilé ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò jìnnà sí Takie, ó sì mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ohun tó kọ nìyí: "A kí ìyálé, Màmá Olúyẹmí, ẹ kú ìtọ́jú ilé. A kí ìyàwó kékeré, Comfort, nínú ilé tuntun tí ẹ kọ́ fún un lẹ́yìn Takie. Ẹ kú ewu ọmọ, sà. A gbọ́ pé ọmọkùnrin náà jọ yín bí ìmumu."

Ọwọ́ Waliyat dúró lórí bọ́tìnnì. "Alhaji, ṣé Kọmíṣọ́nnà á fẹ́ kí á kọ èyí? Ẹni tó bá ti wà nídìí ẹ̀rọ ní Ìbàdàn ló lè kà á o."

"Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká kọ ọ́! Kí gbogbo wọn mọ̀ pé èmi kì í kí ìyálé kí n má kí ìyàwó. Tẹ̀ ẹ́!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Ojú-ìwé kẹwàá àti ìkọkànlá jẹ́ àdúrà. Ìkejìlá ni orúkọ àwọn abà.

Ní Ọjọ́bọ̀, Alhaji kọ́kọ́ ní kí Elijah ka gbogbo rẹ̀ sókè fún àwọn òṣìṣẹ́, kí wọ́n lè ṣe àmín sí i. Ó jẹun. Ó kírun ọ̀sán. Aago kan ti kọjá dáadáa kí ó tó ní kí Waliyat fi ránṣẹ́. Waliyat ki wáyà kọ̀ǹpútà bọ ara ògiri, ó tẹ bọ́tìnnì, ó sì jókòó tì í. Ojú-ìwé kìíní lọ, ìkejì lọ, títí dé ìkẹsàn-án. Ibẹ̀ ló dúró sí.

Nígbà tó dá tẹlifóònù padà, ó dún. Rúùtù ni, akọ̀wé tó ń jókòó ti fáàsì ní Ìbàdàn.

"Ẹ̀gbọ́n Waliyat, ẹ má bínú," Rúùtù wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "bébà tán lẹ́nu ẹ̀rọ ní ojú-ìwé kẹsàn-án. Mo ti fi òmíràn sí i, mo sì ti ká èyí tó wá pamọ́ sí dúrọ́ọ̀, nítorí ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ abà nìkan ránṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ kù. Àwọn yòókù ti dé."

Waliyat jíṣẹ́ náà fún Alhaji. Ó tún fi kún un pé bí òun bá wọ mọ́tò nísinsìnyí, òun á dé Ìbàdàn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ kí aago mẹ́rin tó lù.

"Kí wọ́n lè máa sọ pé Àkànjí ní kọ̀ǹpútà, ó tún ń fẹsẹ̀ jíṣẹ́?" Alhaji fọn ikun. "Ìkíni tó já lẹ́nu ọ̀nà, àtúnbẹ̀rẹ̀ ló kàn. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ dé ìdajì, ṣé ó ti dọ̀bálẹ̀ ni? Bẹ̀rẹ̀ láti ojú-ìwé kìíní. Kí o sì fi kún un pé a kí wọn kú wàhálà bébà tó tán."

Aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú ni ìkíni tún gbéra. Ní Ìbàdàn, Rúùtù ti lọ jẹun. Màmá Olúyẹmí, ìyálé Kọmíṣọ́nnà, ló wọlé wá gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó bá bébà tó ń tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń wọ́ nílẹ̀. Ó mú un, ó ń kà á. Ó dùn mọ́ ọn. Ó rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n ti kí bàbá ọkọ rẹ̀. Nígbà tó kan orúkọ òun fúnra rẹ̀, ó ní, "Háà, ará Ọ̀yọ́ mọ ènìyàn kí!"

Ó wá ka ìlà tó tẹ̀lé e.

Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ méjèèjì fa bébà náà já lẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ figbe ta, ó sì gba yàrá ọkọ rẹ̀ lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn kò kàn wá. Ẹ̀ṣẹ̀ Kọmíṣọ́nnà, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, àwọn tó ni ẹnu náà sì wà ní Ọ̀yọ́, wọ́n ń retí ìyìn.

Ní Ọ̀yọ́, ìwé tún dúró ní ojú-ìwé kẹsàn-án. Waliyat dá tẹlifóònù padà bóyá Rúùtù á tún pè. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú nígbà tó dún. Alhaji fúnra rẹ̀ gbé e. Bó ṣe gbọ́ ohùn, ó dìde dúró, ó tún fìlà ṣe, ó ju ọwọ́ sí Elijah pé Kọmíṣọ́nnà fúnra rẹ̀ ni. Elijah dọ̀bálẹ̀ fún tẹlifóònù.

"Láwàní!" Ohùn náà le débi pé Waliyat gbọ́ ọ níbi tó jókòó sí. "Ta ló sọ̀rọ̀ Comfort fún ọ?"

"Háà! Ẹ má wulẹ̀ dúpẹ́, sà! Kí ni mo tíì ṣe? Ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú—"

"Mo ní ta ló—"

"Ẹ kú ooru, sà! Ẹ kú ìnáwó ìkómọ! Bí a bá dákẹ́ tí a kò kí yín, ṣé òkúta ló máa kí yín ni? Ọmọ náà á dàgbà, á dàgbà ju ilé lọ!"

"Àmín!" ni Elijah wí láti ilẹ̀.

Waliyat wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún kí aago mẹ́rin lù. Ó mọ Alhaji: ìkíni orí tẹlifóònù rẹ̀ kì í gbà ju wákàtí kan lọ, kì í sì dín sí i. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ ọ pé ọmọdé kì í já ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu, kò sì já a rí láyé rẹ̀.  Ó rántí arúgbó tó sùn sórí ẹní, tó ń wo igi tí wọ́n ká sòbìà mọ́, tó ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá wọlé pé ṣé Waliyat ti rán ẹnikẹ́ni wá. Ìtìjú kọ́kọ́ mú un, lẹ́yìn náà ìbínú gba ipò ìtìjú.

Ó dìde. Ó lọ síwájú Alhaji, ó kúnlẹ̀ dáadáa bí ọmọ tí wọ́n tọ́ ti í kúnlẹ̀. Alhaji mi orí sí i, inú rẹ̀ dùn sí ọ̀wọ̀ náà. Láti orí ìkúnlẹ̀, ọwọ́ Waliyat tó ara ògiri. Ó fa wáyà tẹlifóònù yọ.

Alhaji kò mọ̀. Kọmíṣọ́nnà dákẹ́, ó sì gbà pé ọ̀wọ̀ ló mú un dákẹ́.

"Ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, sà," ó wí sínú tẹlifóònù tó ti kú. "Ẹ kú ìfarabalẹ̀. Ẹ kú gbígbọ́."

Waliyat ki wáyà kọ̀ǹpútà bọ̀ ọ́. Ó mú etí gèlè rẹ̀, ó fi nu àárín gíláàsì, òǹtẹ̀ àti ìfọwọ́sí jọ lọ, kí ó lè rí ohun tó ń ṣe. Ó pa ojú-ìwé mọ́kànlá rẹ́. Èyí tó kù nínú kọ̀ǹpútà jẹ́ orúkọ abà méjìlá, láìsí ẹ kú kan ṣoṣo lórí wọn. Ó tẹ bọ́tìnnì. Nọ́ńbà kò wọlé. Ó tún tẹ̀ ẹ́, kò tún wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀, Alhaji ti dé orí àwọn àna Kọmíṣọ́nnà. Ó tẹ̀ ẹ́ nígbà kẹta, ó ń ka Bìsìmílà sábẹ́ ahọ́n, ìwé sì gbéra.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́fà ni kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sójú gíláàsì tó mọ́ pé ojú-ìwé kan lọ, ojú-ìwé kan dé. Waliyat gbé orí lé tábìlì, ó sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dá wáyà tẹlifóònù padà sáyè rẹ̀, ó sì dún kété tí Alhaji ṣe àdúrà ìparí tó gbé e kalẹ̀. Alhaji tún gbé e.

"Láwàní! Ìwọ lo gé tẹlifóònù mọ́ mi létí?"

"Sà? Èmi? Ẹ kú—"

"Bí o bá kí mi lẹ́ẹ̀kan sí i, n ó jẹ́ kí wọ́n wá mú ọ! Ìyàwó mi ti kó jáde nílé. Ó ká fáàsì ẹ dání lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀! Kó ẹrù ẹ kúrò ní ọ́fíìsì yẹn. Lónìí!"

Alhaji dúró.  Ní gbogbo ayé rẹ̀, kò tíì rí ọ̀rọ̀ tí òun kò lè fi ìkíni dáhùn. Elijah tó wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó rọra dìde, ó gbọn ekuru aṣọ rẹ̀ nù, ó sì jáde láìmú báàgì ẹnikẹ́ni.

Ìwé tí ìjọba fi yọ Alhaji dé ní ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀. Wọn kò yọ ọ́ nítorí pé ó fi ọjọ́ mẹ́ta pa omi abà méjìlá mọ́. Wọn kò tilẹ̀ mẹ́nu kan omi. Wọ́n ní ó tú àṣírí ìjọba síta. Èmi kò mọ ìgbà tí Comfort di àṣírí ìjọba, ẹ bá mi béèrè.

Ọ̀gá tuntun tí wọ́n rán wá ni Ìyáàfin Marufat, obìnrin kúkúrú kan tó wakọ̀ ara rẹ̀ wọ géètì ní aago méje ààbọ̀. Elijah ti wà lórí àtẹ̀gùn, ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ koríko tó ń hù nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Obìnrin náà bi í léèrè iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Láti ọdún márùn-ún, èyí gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ dé Abà Olókùúta ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin. Wọ́n gbẹ́ ẹ, omi sì jáde. Ìjọba kò lé Alhaji kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pátápátá. Ṣé ẹ mọ ìjọba. Wọ́n fún un ní yàrá kékeré kan lẹ́yìn Takie, wọ́n ní kó máa lọ yí ká abà kọ̀ọ̀kan, kó máa kọ iye garawa omi tí wọ́n ń pọn lóòjọ́ sílẹ̀ fún àwọn òyìnbó. Ọkọ̀ Pijó kò bá a lọ.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì, ní ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, Alhaji rìn wọ Abà Olókùúta pẹ̀lú ìwé lábẹ́ abíyá. Òǹgbẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Àwọn obìnrin ti tò sí ìdí ẹ̀rọ, wọ́n ń pọn omi. Ó gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lọ sí iwájú, bí ó ti máa ń ṣe níbi gbogbo, ó sì na ife sí ẹnu ẹ̀rọ.

Ìyá Àgbà Ràódàt ló ń mójú tó ẹ̀rọ náà. Àpá kan ṣoṣo ló kù lọ́rùn-ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń rìn kánmọ́kánmọ́, ó sì gbé ọwọ́ lé ẹnu ẹ̀rọ kí omi má jáde.

"Ọmọ mi, ta ni ọ́?"

Alhaji nà ró. Ó tún fìlà ṣe, ó fa èémí sínú. "Èmi ni Alhaji Abdulqoyum Àkànjí Láwàní, ọ̀gá àgbà tẹ́lẹ̀ rí fún Ìgbìmọ̀ Omi Ìgbèríko, akápò—"

"O kú oòrùn," ni arúgbó náà wí. "Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń tò."

Alhaji wo ẹ̀yìn. Obìnrin mẹ́rìndínlógún ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú garawa, kò sì sí ẹnìkan tó sún fún un. Ó mú ife rẹ̀, ó lọ tò.